RAM tuntun tí kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn

Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8GB ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi 8GB mìíràn kún un, látìgbà náà fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú kirikiri. Ẹ má tíì sọ pé motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ti bàjẹ́.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ná. Tí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ yọ RAM méjèèjì, kí ẹ fi tuntun nìkan sí ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà). Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kà!" Ibí yìí ló ti ń bá ọ̀pọ̀ wa: ẹ̀rù kì í jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ti èmi náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo fi ìka tọ́ ọ ni mo mọ̀ pé etí kan ṣì ga ju èkejì lọ.

Ẹ dá wáyà iná padà, kí ẹ tàn án. Bó bá tàn, ẹ pa á, ẹ tún yọ wáyà iná, kí ẹ fi ti àtijọ́ sí ihò kẹrin. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń tàn lọ́tọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tàn pọ̀, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ yọ bátìrì CR2032 (bátìrì roboto bí owó ẹyọ) ara motherboard fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì pa XMP (ètò tó ń mú RAM sáré sí i) nínú BIOS (ojú ètò tí ẹ lè ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀). Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tó bá já sí.