Wọ́n Ti Fi Ẹ̀rọ Há Màmá Níka, Kí Ló Dé Tí Wọ́n Tún Gún Wọn Lọ́rùn Ọwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ pẹ́ tí Màmá wa ti ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Lóṣù tó kọjá, wọn ò lè mí délẹ̀ mọ́, a bá sáré gbé wọn lọ sí pàjáwìrì. Ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ka ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fún wọn ní ọ́síjìn, ó di 98. Síbẹ̀ wọ́n tún gún wọn lọ́rùn ọwọ́, Màmá sì ké. Nígbà tí èsì dé, ńṣe ni wọ́n dín ọ́síjìn kù! Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ọlọ́run á dá wọn sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ (ABG) ni wọ́n torí ẹ̀ gún wọn: ó ń wo ọ́síjìn, CO2 àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó.

Ẹ̀rọ ìka kò mọ̀ ju ọ́síjìn lọ. CO2, ìyẹn èyí tí à ń mí jáde, kò hàn sí i rárá. Ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín igi ti bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í lè tì í jáde tán. Á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì sọ ọ́ di kíkan. Bí a bá wá ṣí ọ́síjìn fún irú wọn láìwọ̀n ọ́n, CO2 á tún gòkè sí i: oorun á máa kùn wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn ò ní já gaara mọ́, wọ́n sì lè dákú, nígbà tí ẹ̀rọ ìka ṣì ń ka 98. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dá wọn dúró sí 88 sí 92. 94 sí 98 ni ti ọ̀pọ̀ aláìsàn yòókù.

Nínú èsì, a máa ń wo pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó (7.35 sí 7.45 ló yẹ; bó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ti kan jù), àti CO2 (35 sí 45 mmHg ló yẹ). Bí pH bá jẹ́ 7.28 tí CO2 sì jẹ́ 68, tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò sì tètè yí i padà, ó yẹ kí a fi ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí dè wọ́n nímú. Ti alásímà ló ń tan ènìyàn jẹ jù: torí pé ó ń mí kíákíá, ó yẹ kí CO2 rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 40 nígbà tó ṣì ń mí gúlegúle, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹ má pè é ní èsì dáadáa.

Iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n gún. Ó jìn ju èyí tí wọ́n máa ń gbẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lọ, ìdí tó fi dunni nìyẹn. Mílílítà 1 sí 2 ti tó, nínú sìríǹjì tó ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ìhó afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, torí ó ń yí iye ọ́síjìn àti CO2 padà. Kí ó tó ìṣẹ́jú 15, kí ẹ̀jẹ̀ ti dé ẹnu ẹ̀rọ, nítorí ó ṣì ń lo ọ́síjìn nínú sìríǹjì. Kí wọ́n sì kọ iye ọ́síjìn tí aláìsàn ń fà sílẹ̀. Láìsí i, èsì ò ṣeé kà dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mí gúlegúle ló nílò àyẹ̀wò yìí. Fún alátọ̀gbẹ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan lásán, èyí tí kì í lù, sábà máa ń tó. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣiṣẹ́ nítòsí yàrá tí wọ́n sùn, ẹ tètè sọ fún wa: ẹ̀rọ ìka lè ka 99 fún ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ (carbon monoxide) ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àyẹ̀wò yìí ló ń tú u fó, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bá lè ka irú èéfín bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́, ẹ bá Màmá tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 gbáko, ẹ má ṣí i wò. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún wọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tó ìṣẹ́jú 10. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín yí kọ́ọ̀kì ọ́síjìn sókè lóru.