Jíà, bíréèkì àti táyà fún kẹ̀kẹ́ tó máa rin títì àti yangí ní Èkìtì

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní Ìgèdè lò ń gbé, Adó lo ti ń ṣiṣẹ́, oko kòkó bàbá rẹ sì wà ní apá Ìlawẹ̀, níbi tí títì ti ń parí tí yangí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì ránṣẹ́ sí ọ láti Èkó, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àkọ́kọ́ ní jíà iwájú méjì, eyín 50 àti 34, ti ẹ̀yìn lọ láti 11 dé 28, ríìmù ni bíréèkì rẹ̀ ń há mọ́, táyà rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 32. Èkejì ní jíà iwájú kan ṣoṣo, eyín 40, ti ẹ̀yìn lọ láti 11 dé 42, bíréèkì dísìkì olóróró (àwo irin pẹlẹbẹ ló ń há mọ́, òróró inú ọ̀pá ló sì ń tì í), táyà 38. Ẹni tó ń tà wọ́n ní kí o mú àkọ́kọ́ torí ó yá ju èkejì lọ.

Èkejì ni kí o mú. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ rà, ìbejì àkọ́kọ́ yẹn ni. Wọ́n sọ fún èmi náà pé ó yá. Òótọ́ sì ni, ó yá ní ilẹ̀ títẹ́jú. Níbo ni ilẹ̀ títẹ́jú wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi òkìtì sọ lórúkọ? Gba Ìyín, gba Aramọkọ, dorí kọ Ẹ̀fọ̀n, bí o bá sọ̀ kalẹ̀ tán, wàá tún gòkè. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ wa, jíà tó kéré jù, èyí tó rọrùn jù láti fi gòkè, ni kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á. Èyí tó ga jù kò já mọ́ nǹkan kan.

Bá mi ṣírò ó. Táyà 700C, ìwọ̀n táyà irú kẹ̀kẹ́ yìí, tó fẹ̀ tó mílímítà 40, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn tó mítà 2.2. Bí ṣéènì bá wà lórí 34 níwájú àti 28 lẹ́yìn, ìyípo pẹ́dàlì kan á gbé ọ tó mítà 2.7. Lórí òkè tó ga, kìlómítà 6 ní wákàtí kan kì í ṣe ìtìjú, ọ̀pọ̀ wa kì í yára jù bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí jíà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ á yí nígbà 37 péré láàárín ìṣẹ́jú náà, wàá máa fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun àkàbà. Orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀. Tèmi san án fún ọdún méjì. Mo dé ibi tí mi ò lè kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Lórí èkejì, 40 níwájú àti 42 lẹ́yìn, ìyípo kan jẹ́ mítà 2.1, ẹsẹ̀ á yí nígbà 48. Ó sàn. Bí o bá wá yọ 40 yẹn, tí o fi 36 rọ́pò rẹ̀, ó di mítà 1.9, ẹsẹ̀ á sì yí nígbà 53. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyẹn, torí o ò ní máa ti oko bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wàá gé ṣéènì kúrú díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré sísá dẹ́rù bà ọ́: 36 àti 11, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń yí ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ju kìlómítà 34 lọ ní wákàtí kan. Láàárín ọkọ̀ àti ọ̀kadà àti kòtò tó wà lójú ọ̀nà Adó, kí lo tún fẹ́ fi èyí tó ju ìyẹn lọ ṣe? Bó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè fúnra rẹ̀ á gbé ọ lọ.

Má sì rò pé wàá ra àkọ́kọ́ kí o wá pààrọ̀ jíà ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá yá. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ra 11 dé 34, mo dé e, apá tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan bọ́ sí òmíràn kúrú jù, róòlà òkè rẹ̀ ń ha eyín 34 yẹn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nígbàkúgbà tí mo bá ń gòkè. Mo ní láti tún ra apá mìíràn tó gùn. Owó méjì ni mo ná sórí ohun kan.

Ó wá kan bíréèkì. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

Bíréèkì tó ń há mọ́ ríìmù kò burú lórí títì gbígbẹ. Lórí yangí, pàápàá lásìkò òjò, òkúta wẹ́wẹ́ á wọ inú rọ́bà bíréèkì, á sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o bá fa bíréèkì, òkúta yẹn ń họ ríìmù bí fáìlì. Mo máa ń gbọ́ ìró rẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fọ kẹ̀kẹ́, mo fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ ríìmù iwájú, ó ti jìn wọnú bí inú ṣíbí. Irin tó yẹ kó tẹ́jú ti tín-ín-rín. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n tí mi ò pààrọ̀ rẹ̀.

Lóṣù kan náà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òjò ti dá, títì ti gbẹ, ọkọ̀ agbépo kan wà níwájú mi tó ń rọra lọ, mi ò rójú ọ̀nà kọjá, mo bá di bíréèkì mú láìtú u sílẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ jìnnà. Mo kọ́kọ́ gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná. Mo rò pé ti ọkọ̀ náà ni. Kí n tó gbójú sókè, tíúbù iwájú bẹ́ bí ìbọn, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì bá ara mi nínú gọ́tà. Nígbà tí mo dìde, mo fọwọ́ kan ríìmù náà láti gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó jó mi ní àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ooru ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, ara ríìmù ló gbé e sí, orí ríìmù náà sì ni tíúbù jókòó lé. Àpá ìṣubú yẹn ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi òsì. Ká ní ọkọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn mi ni, ẹlòmíì ni ì bá máa dá ọ lóhùn lónìí.

Dísìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín gbùngbùn ríìmù, níbi tí sípóòkù ti pàdé, ló wà, ooru rẹ̀ jìnnà sí tíúbù, ẹrẹ̀ kì í tètè dé ibẹ̀, bí ó bá sì jẹ, dísìkì lo máa pààrọ̀, kì í ṣe ríìmù àti gbogbo sípóòkù. Síbẹ̀, kódà pẹ̀lú dísìkì, fà á kí o tú u sílẹ̀, fà á kí o tú u sílẹ̀. Má dì í mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. A kò sì lè sọ kẹ̀kẹ́ bíréèkì ríìmù di ti dísìkì lẹ́yìn tí o bá rà á tán, torí kò ní ojú ibi tí a ti máa dè é.

Bí o bá fẹ́ mọ ọkàn mi, dísìkì oníwáyà ni mo fẹ́ fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wáyà já? Wàá rí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rà ní Adó, sípánà álẹ̀n nọ́ńbà 5 kan lo fi máa dè é lẹ́bàá ọ̀nà. Olóróró rọrùn lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìka kan lo fi ń fà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ ni wàá mọ̀ bóyá o ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Lórí kẹ̀kẹ́ tí mo rà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, bíréèkì olóróró ti ẹ̀yìn rọ̀. Mo gbé e fún mẹkáníìkì kan tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ dáadáa, ó sì rọ òróró bíréèkì ọkọ̀ sí i pẹ̀lú ọkàn rere. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń pè ní DOT, tó jẹ́ ti ọkọ̀ àti àwọn bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan, àti mineral oil, tó jẹ́ ti Shimano àti àwọn mìíràn. Wọn kì í bára wọn gbé. Rọ́bà inú bíréèkì mi wú, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti ń jò sórí páàdì, èyí tó ń há dísìkì mọ́. Páàdì tí òróró bá ti kàn, má ṣe wàhálà, sọ ọ́ nù.

Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ní irú èkejì yẹn tó jẹ́ oníwáyà. Bí ó bá ní, gbà á, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ lé. Bí kò bá ní, mú olóróró náà, torí ọwọ́ bíréèkì àti ọwọ́ jíà wà lójú kan náà lórí irú kẹ̀kẹ́ yẹn, sísọ ọ́ di oníwáyà á ná ọ lówó gidi. Ra ìgò òróró tó bá a mu àti páàdì méjì sí mẹ́ta láti Èkó lọ́jọ́ kan náà. Bí o bá lè yan páàdì, mú onírin, ó máa ń pẹ́ nínú òjò àti iyanrìn ju èyí tó rọ̀ lọ, bó tilẹ̀ ń pariwo. Nígbà tí o bá ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀, fa bíréèkì, dì í mú fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń rọra sún mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń jò níbì kan.

Ti táyà, má lo 32 lórí yangí. Mo lò ó. Èyí tó tóbi nínú òkúta á tẹ táyà pọ̀ mọ́ ríìmù, wàá sì bá ihò méjì lára tíúbù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ojú ibi tí ejò bu èèyàn jẹ. 40 tàbí 42 ni kí o dé, èyí tí àárín rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ fún títì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kókó fún yangí. Mo wọn kílò 78, afẹ́fẹ́ psi 38 (nọ́ńbà tí mítà pọ́ǹpù ń fi hàn) ni mo ń fún ti ẹ̀yìn, 34 fún ti iwájú, mo sì ń dín in díẹ̀ lásìkò òjò. Ra pọ́ǹpù tìrẹ tó ní mítà. Fọkanáísà á fún un títí á fi le bí òkúta, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe fún ọ̀kadà, lórí yangí wàá wá máa ta bí bọ́ọ̀lù.

Fọkanáísà náà ní wàhálà mìíràn. Ẹnu tíúbù irú kẹ̀kẹ́ yìí tín-ín-rín, ọ̀pá pọ́ǹpù rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo tó mọ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn Erijiyàn, mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́, a sì jọ ń wo ara wa. Idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń dé sí ẹnu rẹ̀ kó lè bá ti ọkọ̀ mu, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Dé ọ̀kan síbẹ̀ kí o má yọ ọ́, fi ìkejì sínú àpò.

Èyí tó tún jẹ mí níyà: táyà 28, ínṣì ni, kì í ṣe mílímítà. Mo lọ sọ́jà, mo ní kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ 28, wọ́n fún mi ní 28, kò wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh gíga tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sóko náà jẹ́ 28, ṣùgbọ́n 635 ni nọ́ńbà ríìmù rẹ̀, tìrẹ sì jẹ́ 622. Mílímítà 13 ló wà láàárín wọn. Wo ara táyà, wàá rí nọ́ńbà bí 40-622. 622 yẹn ni kí o máa béèrè. Táyà kẹ̀kẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní 29, 622 kan náà ni, tíúbù rẹ̀ á gbà ọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Táyà rẹ̀ ni kò ní ráyè kọjá láàárín irin.

Àyè yẹn ṣe pàtàkì gan-an lọ́dọ̀ wa. Yangí tí òjò pa máa ń lẹ̀ bí àmọ̀. Bí àyè láàárín táyà àti irin kò bá gba ìka kékeré, ẹrẹ̀ á dí i pa, kẹ̀kẹ́ kò ní yí mọ́, wàá sì rù ú lórí.

Táyà tí kì í lo tíúbù, tí wọ́n ń rọ oògùn tó ń dí ihò sí nínú, dára fún ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ń gbẹ láàárín oṣù díẹ̀ nínú ooru wa, Èkó ni mo sì ti ń rà á. Mo ti padà sí tíúbù.

Ṣéènì, nù ún pẹ̀lú àkísà lẹ́yìn gbogbo ìrìn oko. Eruku yangí tó pò mọ́ òróró, yanrìn ìpọ́nrin ni.

Sọ fún ẹni tó ń tà á kó ya fọ́tò mẹ́rin kó tó di ọ̀la: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ọwọ́ bíréèkì, DOT tàbí mineral oil; nọ́ńbà ara táyà; pẹ́ńsù ìkọ̀wé tí ó fi há àárín táyà àti irin lẹ́yìn; àti dísìkì láti ẹ̀gbẹ́, kí a lè rí bí ó ṣe nípọn tó. Bó bá jẹ́ ti Shimano, mílímítà 1.5 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, 1.8 ló sì máa ń jẹ́ nígbà tó bá ṣì tuntun. Fi wọ́n síbí bí wọ́n bá ti dé, màá wò wọ́n lálẹ́ kí o tó fowó ránṣẹ́.