Èsì: Ṣé alẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe Tonight Show?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní alẹ́ lẹ fẹ́ lọ wo Tonight Show, ètò àwàdà àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Rárá, kì í ṣe alẹ́. Ìrọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago márùn-ún, ni wọ́n ń ká a sílẹ̀ ní New York. Aago 11:35 alẹ́ ni NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ni ín, ń gbé e jáde. Bí ẹ bá dúró di alẹ́ bí ẹ ṣe sọ, àwọn àlejò á ti relé.

Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n pé tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ yín kò túmọ̀ sí pé ẹ máa ráyè jókòó: wọ́n máa ń fún èèyàn tó ju iye àga lọ ní tíkẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ò ní wá. Ẹ tètè lọ tò.

Kí Jimmy Fallon, olóòtú ètò náà, tó jáde, aláwàdà kan á kọ́kọ́ wá pa yín lẹ́rìn-ín kí ara yín lè yá. Àwàdà tiẹ̀ kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì máa ń dùn.

Ti Saturday Night Live, ètò àwàdà mìíràn tí NBC ń ṣe ní New York, ló yàtọ̀. Láti 1975, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lálẹ́ Sátidé, ní 11:30, náà là ń wò ó. Bẹ́ ẹ ò bá ríyẹn wọ̀, ìdánrawò aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ń gba òǹwòran.