Iṣẹ́ ilé kíkọ́ nínú bárékè: gba ìwé kí wọ́n tó gbé ọ̀gá kúrò

Àbúrò tó kọ̀wé láti Mushin, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní kọngílá kan tó gba iṣẹ́ ilé àwọn ṣọ́jà fẹ́ gé apá kan níbẹ̀ fún ọ, ó sì ní kó o má da ara rẹ láàmú nípa ìwé, pé òfin ìjọba lórí gbígbé iṣẹ́ jáde kò kan àwọn ológun, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá ti tó. Èmi ti ṣiṣẹ́ nínú bárékè lápá Ìkejà, mo ti ṣe lápá Ọ̀jọ́, mo sì ti ṣe ní Erékùṣù. Irọ́ lọkùnrin yẹn ń pa fún ọ, àbí kẹ̀, ẹnìkan ló pa á fún òun náà.

Òfin wà. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é, Public Procurement Act lorúkọ rẹ̀, òun náà ló dá BPP, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ gbígbé iṣẹ́ jáde, sílẹ̀ ní Àbújá. Abala 15 ni wọ́n máa ń fi ṣe àwáwí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà àti iṣẹ́ àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè kò sí lábẹ́ òfin náà, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Àkànṣe ni wọ́n kọ o. Ibi tí wọ́n ń kó ọta ìbọn sí lè jẹ́ àkànṣe. Ilé oníyàrá méjì tí kọ́púrà àti ìyàwó rẹ̀ máa gbé ńkọ́? Gọ́tà ńkọ́? Ṣebí inú ìwé ìròyìn la ti ń rí i tí Ministry of Defence ń polongo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń béèrè ìwé CAC (ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́), ìwé owó orí, PenCom (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (owó ìbánigbófò òṣìṣẹ́) àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ BPP. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ìdíje láàárín àwọn ilé iṣẹ́ inú orílẹ̀-èdè wa, òfin ní kí ìpolongo náà jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, kó sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó ti àpótí tí wọ́n ń ju ìwé ìdíje sí.

Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ìjọba gbéṣẹ́ fún. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni àdéhùn rẹ wà, ìjọba kò mọ̀ ẹ́ rí. Nítorí náà, kí o tó sọ iye owó kankan, ní kó fi lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún un hàn ọ́, kó fi BOQ, ìwé tó to iṣẹ́ àti iye owó wọn lẹ́sẹẹsẹ, tì í. Àwọn kan wà ní Èkó yìí tí wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èèyàn lórí iṣẹ́ bárékè tí kò sí níbì kankan, wọ́n á tún mú ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù dání wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: wọ́n máa ń gbé ọ̀gá ológun kiri. Ẹni tó ń pàṣẹ fún ọ lónìí lè wà ní Màídúgúrì kí o tó kan òrùlé. Lórí iṣẹ́ kan báyìí, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ní kí a gbé ìpìlẹ̀ sókè ju bó ṣe wà nínú àwòrán lọ, kí a sì yí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì padà, torí omi máa ń dúró síbẹ̀ lásìkò òjò. Òótọ́ ló sọ, omi máa ń dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Inú bí i. Ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ síwájú. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó gbé iṣẹ́ jáde àti sí ẹnjiníà tó ń bójú tó o, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà, mo sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀. Ìgbà tí èsì ẹnjiníà dé pẹ̀lú iye owó tuntun ni a tó tẹ̀síwájú.

Agbaṣẹ́ṣe tó wà ní búlọ́ọ̀kù kejì gba irú àṣẹ kan náà, ohùn WhatsApp ló fi pa mọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀gá tuntun dé. Ó mú BOQ lọ́wọ́, ó ń yí ilé ká, ó ní ta ló ní kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ sókè. Èmi fa ìwé yọ. Ẹnìkejì mi fa fóònù yọ. Ó ṣì ń lépa owó kọnkéré yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àní ìwé ọ̀gá bárékè nìkan kò tó. Kì í ṣe òun ló ni owó, kò sì lè fi kún iye iṣẹ́. Ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí àdéhùn ló láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Géètì náà tún ń jẹ ọjọ́. Kó orúkọ bíríkìlà àti lébìrà rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà NIN wọn ṣáájú, torí ẹni tí kò ní káàdì kò ní wọlé. Tí àlejò ńlá bá ń bọ̀ láti Àbújá, típà yanrìn rẹ máa dúró síta ni. Má kàn máa bínú níbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́, kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Tí ọjọ́ iṣẹ́ bá ti kọjá tí wọ́n fẹ́ gé owó, ìwé yẹn ni wàá fi jà.

Owó wá ńkọ́? Òfin náà fi òdiwọ̀n sí owó mobilization, ìyẹn owó tí wọ́n ń kọ́kọ́ san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, báńkì tàbí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì gbọ́dọ̀ dúró fún un. Wo iye tó wà nínú àdéhùn kọngílá yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí kọ́bọ̀ míì láìsí sàtífíkéètì iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Abala 37 ní tí owó bá ti pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, èlé gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹni tí wọ́n san èlé yẹn fún rí, àmọ́ lẹ́tà tó dárúkọ abala náà máa ń jẹ́ kí fáìlì rìn. Wọ́n máa yọ VAT 7.5% àti owó orí kí owó tó jáde, wọ́n á sì dá díẹ̀ dúró títí àkókò àtúnṣe á fi parí. Bi kọngílá náà léèrè nísinsìnyí: nínú owó ta ni ìyẹn ti máa jáde, tirẹ̀ àbí tìẹ? Kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá kọ̀ láti fi lẹ́tà hàn ọ́, má wulẹ̀ ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Tó bá fi hàn ọ́, fi BOQ ránṣẹ́ sí mi, kọ́kọ́ pa orúkọ àti nọ́ńbà ibẹ̀ rẹ́. Mo máa bá ọ wò ó bóyá iye tó kọ fún irin bá ti ọjà Coker mu.