Bí láptọ́ọ̀pù ò bá rí hotspot fóònù tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo fóònù yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé láptọ́ọ̀pù yẹn lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní hotspot fóònù ìyàwó yín, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù fi ń pín dátà, ń jáde lójú ẹ̀, pé ti fóònù tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nìkan ni kò jáde. Ohun tó ṣe èmi náà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ká ní káàdì Wi-Fi inú ẹ̀ ló kú ni, ti ìyàwó yín náà ò ní jáde.

Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ni mo tẹ̀ tán, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wá hotspot fóònù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà títí, mo wá a tì. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí mo gbé láptọ́ọ̀pù fún ní Windows ló bàjẹ́, àfi kí òun fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Mo ní kó máa ṣe é. Àwòrán ìsìnkú bàbá mi wà lórí ẹ̀, n kò sì tíì kó wọn síbòmíì. Gbogbo ẹ̀ ló lọ. Mo sanwó, mo gbé e délé, hotspot ò jáde síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá yí nǹkan kan ṣoṣo lórí fóònù mi, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi jáde.

Ohun tó yí nìyí. Orí ìgbì rédíò méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz, ni Wi-Fi sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, 2.4 nìkan ni wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù tuntun lè gbé hotspot tiẹ̀ sórí 5. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi rédíò tí kò ní FM wá iléeṣẹ́ FM ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí i tó, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ wọ ibi ètò hotspot lórí fóònù yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "band" sí, ẹ mú 2.4 GHz. Bó bá jẹ́ iPhone 12 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, "Maximize Compatibility" ni kí ẹ tan, lábẹ́ Personal Hotspot. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí láptọ́ọ̀pù yín lè gbà, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí Windows), kí ẹ tẹ netsh wlan show drivers. Ẹ wo iwájú "Radio types supported". Bí 802.11ac bá wà níbẹ̀, ó mọ 5 GHz. Bó bá parí sórí b, g àti n, ó ṣeé ṣe gan-an kó má mọ̀ ọ́n.

Bó bá wá jáde, tí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ́ síbẹ̀ tó kọ̀, ẹ wo "security" lórí fóònù. Bó bá jẹ́ WPA3, ìyẹn irú ààbò tuntun tí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lè má mọ̀, ẹ dá a padà sí WPA2. Bó bá sì wọlé tán tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣí, ẹ wo ọjọ́ àti aago láptọ́ọ̀pù. Bátìrì kékeré inú ẹ̀ tó ti kú lè dá ọjọ́ padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn nìkan tó láti dí ọ̀nà.

Bí iṣẹ́ bá ń lé yín lónìí, wáyà tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù ni kí ẹ fi so méjèèjì pọ̀, kí ẹ tan "USB tethering" lórí Android yín. Dátà á wọlé láìlo Wi-Fi rárá. Ká ní mo mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ìbéèrè ìdánwò mi ì bá ti dé ọwọ́ ọ̀gá, láptọ́ọ̀pù mi ì bá má kúrò nílé.