Agent ní kí n san 400,000: ṣé lóòótọ́ ni owó ò sí fún àwa tá a ka Linguistics?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ka Linguistics and Yoruba l'Akùngbá, two-one ni mo gbé jáde, mo ti ṣe kọ́pà tán, mo wá ń ṣe títíṣà ní sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan l'Ákùúrẹ́ níbí, ó ti ń lọ sọ́dún mẹ́ta. Mo fẹ́ kàwé sí i lókè òkun àmọ́ owó ò sí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àwọn tó ka sáyẹ́ǹsì ni scholarship wà fún. Agent kan ní Alágbàká ní kí n mú 400,000 náírà wá fún fọ́ọ̀mù àti "slot". Ṣé kí n san án? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ Àúga ni màmá mi, èdè wọn ni wọ́n ń sọ nílé, èmi náà gbọ́ ọ dáadáa, mi ò kàn mọ̀ bóyá ìyẹn wúlò fún nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Má san án o, àbúrò mi. Má san kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù Chevening (ti ìjọba UK) o, ti DAAD (ti Jámánì) o, ti Erasmus Mundus (ti European Union) o, ti Fulbright (ti Amẹ́ríkà) o, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa kún un fúnra ẹ, kò sì sẹ́ni tó ní slot kankan lápò tó fẹ́ tà fún ẹ. Owó tó tọ̀nà tó o lè bá pàdé ni owó fọ́ọ̀mù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kì í sábà ju 100 dọ́là lọ ní ilé ìwé kan, ìyẹn gan-an o lè kọ̀wé bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ, àwọn míì máa ń gbà.

Ọ̀rọ̀ pé owó ò sí fún àwa tá a ka èdè yìí máa ń dùn mí, torí ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé jókòó sílé. Ibi tí owó wa wà kọ́ ni wọ́n ti ń wá a. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ dípátímẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ lowó wà. Tí wọ́n bá gbà ẹ́ fún PhD ní Linguistics, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe ni pé wọn ò ní gba school fees lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á máa fún ẹ lówó tó o máa fi gbọ́ bùkátà fún bí ọdún márùn-ún, wọ́n á tún fi health insurance sí i, ìwọ náà á máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe digírì àkọ́kọ́ tàbí kó o máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe ìwádìí. Assistantship nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì béèrè master's kó o tó wọlé, two-one ẹ ti tó bẹ̀rẹ̀. Master's ló ṣòroó rí owó fún, àfi níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ, bíi Wisconsin ní Madison, Florida, Georgia àti Indiana. Kọ̀wé sí wọn, béèrè tààrà bóyá wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ Yorùbá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Àúga tó o wá fi há ìsàlẹ̀ lẹ́tà ẹ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Ukaan ni àwọn onímọ̀ ń pe èdè tí màmá ẹ ń sọ yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ l'Áúga, ní Kákùmọ̀, títí wọ apá kan ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá, àwọn onímọ̀ ò sì tíì fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n máa tò ó sí nínú ẹbí Benue-Congo. Ìwọ wá gbọ́ ọ, ìyá tó ń sọ ọ́ wà nílé, o sì ti ka Linguistics. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀ òfúrufú kí wọ́n tó lè dé Àkókó wá gbọ́ ohun tí ìwọ ń gbọ́ ní kíṣìn yín.

Àjọ kan wà tó ń jẹ́ Endangered Languages Documentation Programme, láti 2002 ni wọ́n ti ń fowó sílẹ̀ kí wọ́n lè gba ohùn àti fídíò àwọn èdè tó fẹ́ parẹ́ sílẹ̀, London ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, Berlin ni wọ́n wà báyìí. Wọ́n ní owó fún ẹni tó ń ṣe PhD lọ́wọ́, wọ́n ní owó kékeré náà fún iṣẹ́ kékeré, wọ́n sì ti fowó ti iṣẹ́ lórí Ukaan ti Kákùmọ̀ lẹ́yìn rí. Àwọn ohùn tí wọ́n gbà wà ní ELAR, ibi tí wọ́n ń kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ gbọ́ ọ, kó o wo bí ti Kákùmọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti màmá ẹ.

Kó o wá bẹ̀rẹ̀ tìẹ. Gba ohùn màmá ẹ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Kọ́kọ́ tọrọ àyè o, ìyá ẹ ni lóòótọ́ àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó o fẹ́ fi ohùn wọn ṣe. Má lo voice note WhatsApp, ó máa ń ba ohùn jẹ́, wá app tó ń gbà á sílẹ̀ ní WAV (irú fáìlì tí kì í ba ohùn jẹ́), pa fáànù, pa tíífì, pa jẹnẹrétọ̀. Tó o bá ti gbà á, fi ELAN, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde, kọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó o fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ẹ̀, fi Praat, sọ́fítíwíà míì, wo ìró ohùn fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré tó o bá kọ dáadáa, tó o fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú èdè bẹ́ẹ̀, ó máa ṣe fún ẹ ju sátífíkéètì sẹmínà rẹpẹtẹ lọ.

Tó o bá wá ń kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, má sọ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn èdè, gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn. Sọ pé: ìyá mi ń sọ Ukaan ti Àúga, mo gbọ́ ọ, mo ti gba ohùn sílẹ̀, àpẹẹrẹ ẹ̀ rèé, mo fẹ́ mọ bí àwọn fáwẹ́lì ẹ̀ ṣe ń bára wọn ṣe, mo ka iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí irú ẹ̀, ṣé ẹ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Ó tán.

(Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń kà á, tẹ́ ẹ máa ní ẹ̀ka Yorùbá lásán ni tiyín, ẹ rọra o. Ẹ̀ ń sọ "ulé", ẹ̀ ń sọ "uṣu", bẹ́ẹ̀ Yorùbá inú ìwé ò gbà kí "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí wà níbẹ̀.)

Àwọn yòókù: Chevening ń sanwó master's ọdún kan ní UK, wọ́n fẹ́ kó o ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, iṣẹ́ títíṣà ẹ wà nínú ẹ̀, wàá sì padà wálé fún ọdún méjì. FLTA ti Fulbright máa ń gbé èèyàn lọ kọ́ Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà fún sáà ẹ̀kọ́ kan, ó dáa gan-an fún títíṣà, àmọ́ kì í ṣe digírì, ilé náà lo sì máa padà sí. Erasmus Mundus ń fúnni ní yúrò 1,400 lóṣù fún master's, kátálọ́ọ̀gì wọn máa ń yí padà, torí náà wo ti ọdún tó o fẹ́ lọ, wá àwọn tó jẹ mọ́ èdè. Jámánì wá ni kó o ṣọ́ra fún. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba school fees, àmọ́ tí o ò bá ní scholarship, wọ́n máa ní kó o fi owó tó lé ní 11,000 yúrò sí báǹkì kí wọ́n tó fún ẹ ní físà, ibẹ̀ làwọn agent ti máa ń mú èèyàn, wọ́n á ní "ọ̀fẹ́" wọn ò ní dárúkọ ìyẹn. DAAD ni kó o bá lọ, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí digírì tó o gbà kẹ́yìn má tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, o ṣì wà nínú ẹ̀.

Amẹ́ríkà ti mú ọ̀rọ̀ físà le fún ọmọ Nàìjíríà o, torí náà wo ìkànnì ẹ́ḿbásì wọn kó o tó náwó kankan, má sì fi gbogbo ẹyin ẹ síbẹ̀ nìkan.

Transcript ni kó o kọ́kọ́ béèrè, lọ́sẹ̀ yìí, torí ó máa ń pẹ́. Fún fọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà máa gba èyí tó o scan fúnra ẹ, ìgbà tí wọ́n bá gbà ẹ́ ni wọ́n máa béèrè ojúlówó. Tọ olùkọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ẹ́ lọ ní Akùngbá, ẹni tó bójú tó project ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, fún wọn ní oṣù méjì ó kéré tán, mú project ẹ dání lọ. December sí ìbẹ̀rẹ̀ January ni ọ̀pọ̀ PhD Amẹ́ríkà máa ń tìlẹ̀kùn fún èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ ní August, ti Chevening sì máa ń ṣí láti August. Tó o bá ti kọ ìṣẹ́jú márùn-ún Ukaan yẹn jáde, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ wò ó.