Ọmọ mi yan ẹ̀kọ́ ihò àpáta, ṣé kí n dá a dúró?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí, Kánádà la ń gbé. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ó yan kọ́ọ̀sì lórí bí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, òmíràn lórí ihò abẹ́ ilẹ̀, òmíràn lórí bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé wa. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kó ṣe. Ṣé èyí á fún un níṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mí, Ìlú Ọba ni mo wà, ọmọ tèmi ọkùnrin náà ti gba ọ̀nà yìí. Ẹ má dá a dúró.

Kọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra. Omi òjò tó ti mu afẹ́fẹ́ carbon dioxide máa ń jẹ irú òkúta tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, títí ihò ńlá á fi là sábẹ́ ilẹ̀. Àpáta bí Olósùnta tiyín kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1986, wọ́n ṣí ihò kan ní Romania, Movile lorúkọ rẹ̀. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, síbẹ̀ aláǹtakùn àti eṣúṣú ń gbé inú rẹ̀, nítorí bakitéríà tí ń fi sulfur àti methane ṣe oúnjẹ ló ń bọ́ gbogbo wọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí Amẹ́ríkà fi rán Europa Clipper, ẹ̀rọ tí ń rìn lójú sánmà, lọ ní 2024 síbi òṣùpá kan tí yìnyín bò, tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter ká, kó lọ wò ó bóyá abẹ́ rẹ̀ ṣeé gbé. Yóò dé ọ̀dọ̀ Jupiter ní 2030.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sọ. Nínú omi gbígbóná Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Thomas Brock ti rí bakitéríà Thermus aquaticus, tó ń gbé inú omi tó gbóná tó 70°C. Ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ ló jẹ́ kí àyẹ̀wò PCR rọrùn, èyí tí wọ́n ń ki igi owú bọ̀ wá nímú fún nígbà kòrónà.

Iṣẹ́ wà: omi abẹ́ ilẹ̀, kùsà, ọ̀nà àti afárá. Nílé, ẹni tó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sórí àpáta Èkìtì láìyẹ ilẹ̀ wò, owó rẹ̀ lè wọlẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó náà ń kọ́ni ní jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni oyè tí kọ́ọ̀sì wọ̀nyí wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ àfikún lásán ni, wọn ò lè dá gbé e débi iṣẹ́. Kó má sá fún máàtì àti kẹ́mísírì. Kó rí i pé wọ́n ń kó wọn lọ sí pápá. Ìwé tí ọmọ mi gbé bọ̀ láti pápá wú fún òjò, ó fi pẹ́ńsù ya ìpele òkúta sí i, ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fì sí. Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wálé ní December, ẹ mú un lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Òjò tó gba inú sísán àpáta wọ ìsàlẹ̀ lọ ni ooru ilẹ̀ ń mú gbóná kó tó tún ru sókè, omi tútù sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kó mú tẹmọ́mítà dání, kó wọn gbígbóná níbi tó ti ń sun, kó tún wọn ọ́n níbi tí méjèèjì ti pàdé, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.